Báàgì Tí Kò Gbọdọ̀ Dúdú

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn láyé, ó ní kí n bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Awò ojú rẹ̀ wà nínú mọ́tò, òjò sì ń ṣú, kò fẹ́ jáde lọ mú un. Èmi náà kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Mo fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, mo fi bọ abẹ́rẹ́, ó yẹ̀. Mo tún fi bọ̀ ọ́, ó tún yẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo pòṣé sí abẹ́rẹ́ náà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ilé-ìwé," ó ní, "ẹ má nà án o. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú."

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni òwú tó wọlé. Báàgì ló fẹ́ rán. Báàgì ilé-ìwé ni, èyí tí ọmọ wa obìnrin gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, kó tó lọ sí yunifásítì, kó tó wá kó lọ sílùú òyìnbó pátápátá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọtí wáìnì nígbà kan, wọ́n sì ya labalábá sára rẹ̀. Lásìkò tí mò ń wí yìí ó ti ṣá, ó ti di pupa rúsúrúsú. Ìyàwó mi gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, ó fi àjákù ankara wé e, ó tò ó sínú báàgì náà. Ó ṣe àyè kan fún kámẹ́rà, méjì fún lẹ́ǹsì, ó sì ṣe ibi pẹrẹsẹ kan sẹ́yìn fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Okùn èjìká òsì ló ń já.

"Báàgì tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," mo ní. Èmi ni mo rà á fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

"Dúdú ni."

"Báàgì ni."

"Báàgì dúdú ni."

Ó rán an dé ìdajì, ó ní ó rẹ òun, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ ara okùn náà kó má baà sọnù, òwú ṣì wà lójú ihò rẹ̀, ó sì gbé báàgì lé orí àga. Lọ́sàn-án, nígbà tí mo lọ jí i pé kó wá jẹun, kò dá mi lóhùn. Ọkàn ni, bẹ́ẹ̀ ni dókítà sọ. N kò ní sọ ju ìyẹn lọ nípa ọjọ́ náà.

Ayafótò ni ìyàwó mi. Tíṣà ni àwa méjèèjì, a sì jọ fẹ̀yìn tì lọ́dún kan náà; èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn, òun ra kámẹ́rà. Kì í ya ìgbéyàwó, kì í ya ìkómọ. Àgbàlagbà nìkan ló ń yà. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, ẹni tó bá dàgbà tó sì gbọ́n kì í fi ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ó ti mọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí, ó ti mọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún òun, àwọn mìíràn ti mú orin ìsìn pàápàá. Fọ́tò ló kù. Fọ́tò yẹn ló máa wà níwájú pósí àti lára pósítà, òun náà ló máa wà lára ògiri pálọ̀ títí ilé á fi wó. "Fọ́tò àyàsílẹ̀" ni ìyàwó mi ń pè é.

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà ṣe é. Inú ilé àgbà náà ló ti ń yà á, lórí àga tó máa ń jókòó sí lójoojúmọ́. Bó bá ti yà á tán, á so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, á gbé kọ̀ǹpútà lé àgbà náà lẹ́sẹ̀, á máa ṣí fọ́tò fún un níkọ̀ọ̀kan, kí òun fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ọmọ kò gbọdọ̀ bá a yàn án. Á béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ṣé èyí lẹ fẹ́?" Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta á tẹ orúkọ àgbà náà sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ jọ rìn nínú báàgì kan ṣoṣo. Èmi ni mo ń wa mọ́tò, tí mo ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn wọ inú agbo ilé tí mọ́tò kò lè dé, tí mo sì ń na aṣọ funfun sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé ojú wọn. N kò tẹ kámẹ́rà náà rí.

Ní ti báàgì dúdú, Ayépé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, báàgì kámẹ́rà dúdú kan tó ní igun mẹ́rin ni ìyàwó mi gbé lọ sọ́dọ̀ bàbá kan níbẹ̀. Bàbá rí i tó ń wọlé bọ̀, ó wo báàgì náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ti wá wọ̀n mí ni?" Ó rò pé àwọn tó ń kan pósí ló dé. Kò jókòó fún fọ́tò lọ́jọ́ náà, kò sì jókòó mọ́ títí tó fi kú. Fọ́tò inú káàdì ìdìbò ni wọ́n fẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Láti ìgbà náà, ìyàwó mi ní báàgì dúdú kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni tó ń ya fọ́tò àyàsílẹ̀. Mo sọ fún un pé bàbá kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní kí n lọ ṣàlàyé fún bàbá náà.

Nígbà tí òun náà wá lọ, obìnrin tó ti jẹ́ kí gbogbo àgbà Ìbẹ̀fun àti Ayépé yan fọ́tò ara wọn kò ní ọ̀kan tó yàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń wà. Àwọn ẹbí pé jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n ń ti fóònù láti ọwọ́ dé ọwọ́. "Èyí dáa, gèlè rẹ̀ jókòó." "Rárá, èyí, ara rẹ̀ tutù níbí." Wọ́n mú èyí tí wọ́n yà níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan. Ó kórìíra fọ́tò yẹn. Ó máa ń sọ pé òun jọ ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sáàárín wọn, n kò sọ̀rọ̀. Òun ló wà lára ògiri mi báyìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí ìyàwó mi ti ṣèlérí fún. Ìyá àgbà kan ni, ní Ìmùṣin, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, gààrí ló sì fi gbogbo agbára rẹ̀ yan láyé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ikú ìyàwó mi gan-an ló yẹ ká lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ìyá náà obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí lórí fóònù. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó sunkún díẹ̀, ó wá fọhùn.

"Sà, ẹ má bínú. Mọ́mì ní kí n béèrè ẹni tó máa wá ya àwọn báyìí. Mo ní kí n pe ayafótò mìíràn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìyàwó yín sọ fún àwọn pé àwọn fúnra àwọn làwọn máa yàn án."

"Èmi ni màá wá." N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí mi lẹ́nu. "Ẹ kàn jẹ́ kí n ra báàgì."

Ibẹ̀ ni ìyọnu mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo lè sọ pé ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ̀yìn tì kò lè máa gbé báàgì ọmọléèwé kiri, tó ní labalábá lára. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Báàgì ọ̀hún wà lórí àga tí ìyàwó mi gbé e lé, abẹ́rẹ́ wà lára okùn rẹ̀, mo sì ti sọ fún obìnrin tó ń bá mi gbálẹ̀ pé kó máa gbálẹ̀ yí àga náà ká.

Mo wọn kọ̀ǹpútà, mo wọn kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì méjèèjì, mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, mo mú téèpù télọ̀ dání, mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé. Ọkùnrin tó ń ta báàgì níbẹ̀ to ọjà rẹ̀ dé àjà.

"Dádì, kámẹ́rà wo ni? Ti ilé tẹlifíṣàn?"

"Kékeré ni. Pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù."

"Èyí gbà á." Ó na ọ̀kan sí mi. Dúdú.

"Mi ò fẹ́ dúdú."

"Èyí ńkọ́?" Dúdú náà ni, ó kàn ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ní mi ò fẹ́ dúdú."

"Dádì, dúdú kì í tètè dọ̀tí. Gbogbo ayé ló ń ra dúdú."

Nígbà tó yá ó fa búlúù kan jáde lábẹ́ òkítì. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó gba kọ̀ǹpútà. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tó yẹ kí fóòmù wà, ó ró pàkà.

"Páálí ló wà nínú ẹ̀."

"Páálí líle ni, Dádì."

"Bí òjò bá pa á ńkọ́?"

"Ṣé inú òjò lẹ ti fẹ́ ya fọ́tò ni?" Ó yíjú sí obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tíṣà ni bàbá yìí. Tíṣà nìkan ló ń fi téèpù wọn báàgì."

"Wọ́n á tún ní kó o kọ bó o ṣe rí ìdáhùn rẹ," obìnrin oníbàtà ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ọmọ mi gbọ́, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, á pè, á ti fi fọ́tò báàgì mẹ́fà méje ránṣẹ́ sí fóònù mi.

"Dádì, ṣé èyí tó ń ṣí níwájú lẹ fẹ́ àbí èyí tó ń ṣí lẹ́yìn? Àwọn tó ń rìnrìn àjò fẹ́ràn èyí tó ń ṣí lẹ́yìn. Olè ò lè ṣí i nígbà tó bá wà lẹ́yìn yín."

"Ìmùṣin ni mò ń lọ."

"Ó ní aṣọ òjò tiẹ̀ nínú."

"Báàgì ló ní aṣọ òjò?"

"Ó tún ní bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí, kí èjìká má baà dùn yín."

"Mo ní Ìmùṣin ni mò ń lọ. Ṣé òkè ni mo fẹ́ gùn ni?"

Níkẹyìn mo gbà kó bá mi ra ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti Èkó. Àwọ̀ kọfí ni. Lójú fóònù, ó gba kámẹ́rà, ó gba kọ̀ǹpútà, ó gba ìgò omi, àyè tún ṣẹ́ kù. Nígbà tó dé, kámẹ́rà wọlé, kọ̀ǹpútà yọ orí síta bí adìyẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà nínú agbọ̀n. Mo pe àwọn tó tà á pé kí wọ́n wá gbé e. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò àléébù rẹ̀ ránṣẹ́. Mo wá ń fi fóònù ya fọ́tò báàgì tí mo rà kí n lè fi gbé kámẹ́rà. Wọ́n fèsì pé fọ́tò náà kò mọ́lẹ̀ tó, kí n tún un yà. Mo yíjú sí ọ̀nà kíṣìnnì láti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo tún un yà.

Láàárín gbogbo èyí, nọ́ọ̀sì ń pè. Ó ní Mọ́mì ti wọ aṣọ fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún ti bọ́ ọ. Ó ní ibà mú wọn nígbà òjò àkọ́rọ̀, wọn kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, òun tilẹ̀ ti pe àwọn àbúrò òun wálé. "Ara ti ń mókun báyìí, sà, ṣùgbọ́n..." Kò parí rẹ̀, kò sì sídìí tó fi yẹ kó parí rẹ̀. Mo sọ fún un pé báàgì náà kù díẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé ọbẹ̀ kù díẹ̀ kó jinná.

Mo lọ sí Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà. Aṣọ ìnura ni mo fi wé kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, mo kó wọn sínú páálí. Ṣọ́ọ̀bù karùn-ún tí mo wọ̀, mo rí i. Àwọ̀ eérú ni. Fóòmù gidi ló wà nínú rẹ̀, mo tẹ ẹ́, ó rọ̀, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Kámẹ́rà wọlé, lẹ́ǹsì méjèèjì wọlé, kọ̀ǹpútà wọlé, ó jókòó bí ẹni tó wà nílé rẹ̀. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bá mi gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó mú mi lọ síwájú dígí.

"Ó bá yín mu, sà."

Mo ní síìpù rẹ̀ le. Ó fi àbẹ́là pa á lójú, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, ó ń yọ̀ geere. Mo ní àwọ̀ eérú yìí sún mọ́ dúdú jù. Ó wò mí, ó wo báàgì. Ó bá mi kó ẹrù mi padà sínú páálí.

Láti Ìkẹjà ni mo ti ń ka àléébù báàgì náà lọ́kàn. Nígbà tí mo fi dé Ṣágámù, n kò rí ẹyọ kan. Ìgbà náà ni mo tó gbà pé kì í ṣe báàgì ni mò ń wá. Bí báàgì bá ti wà, mo ní láti lọ. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ ìyàwó mi parí nìyẹn, kò sí ìlérí kankan tó tún kù tó ṣe tí mo lè máa sọ pé mò ń palẹ̀ mọ́ fún. Bí mo bá sì ń jókòó sílé, Ìyá lè lọ láìní fọ́tò tó yàn, kí wọ́n sì tún máa ti fóònù láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní Ìmùṣin. Mo mọ méjèèjì. Síbẹ̀ n kò mọ ohun tí mo máa ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Nọ́mbà nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́.

"Ṣé ìwọ ni ọkọ onífọ́tò?" Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Ìyá ń sọ, Yorùbá ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí níbí.

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ewu, mà. A dúpẹ́ pé ara ti le."

"Ara ò le. Wọ́n ní báàgì lò ń wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fún oṣù mẹ́jọ?"

"Kò rọrùn láti rí, mà."

"Ṣé báàgì ni wọ́n máa gbé síwájú pósí mi ni?"

Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ báyẹn. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n."

"Èmi náà ti sin ọkọ," Ìyá dá a lóhùn, "mo sì sin ọmọ méjì. Gààrí inú agbada ò dúró dè mí." Ó padà sórí fóònù. "Ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn tí mo bá jẹun àárọ̀." Ó pa á.

Mo gbé báàgì ọmọléèwé kúrò lórí àga. Eruku ti yà á sí méjì: ibi tó kan àga mọ́, ibi yòókù funfun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ìkòríta àdúgbò wa, tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ìgbà tí mo ti ń wá báàgì kiri.

"Báàgì ta nìyí, Dádì?"

"Tèmi ni."

Ó wo labalábá náà. "Ó dáa." Ó yẹ okùn wò. "Ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Òwú télọ̀ nìyí, kò lè gbé ẹrù. Màá tú u."

"Má tú u."

"Dádì, kò wúlò, ẹ wò ó..."

"Mo ní má tú u. Rán tìẹ lé e lórí."

Ó wo ojú mi, kò tún jiyàn. Ó fa abẹ́rẹ́ ìyàwó mi yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́, mo gún un mọ́ inú fìlà mi. Ó fi òwú bàtà rán okùn náà lọ, ó rán an bọ̀, ó gé e, ó gbé báàgì sókè, ó fi gbogbo agbára fà á. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń mu omi inú ọ̀rá kan tán. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko! Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń jà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé mọ́tò sí ojú títì ní Ìmùṣin, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo rìn wọ inú agbo ilé. Ìyá jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àga onígi tí àárín rẹ̀ ti jin, ó ró aṣọ àdìrẹ kan. Léèsì aláwọ̀ wúrà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wọ̀ wà lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ṣẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, kí n rí báàgì tó gba oṣù mẹ́jọ." Mo yí ẹ̀yìn sí i. Ó fọwọ́ kan labalábá náà. "Ọmọléèwé ni ọ́?"

"Gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló dúdú, mà. Ìyàwó mi ní kò yẹ kí á gbé báàgì dúdú wá síwájú yín. Ó lè jọ pósí lójú yín."

"Lójú mi?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un. Àwọ̀ wo ni mo ní kẹ́ ẹ ra pósí mi?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Dúdú ni, sà."

"Dúdú tó ń dán," Ìyá ní. "Èyí tó bá funfun máa ń jọ fíríìjì."

Mo ti fẹ́ yíjú sẹ́yìn kí n sọ fún ìyàwó mi pé, ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ fún ọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí síìpù báàgì.

Ẹni tó máa ń na aṣọ funfun ló wá di ayafótò, nítorí náà nọ́ọ̀sì ló na aṣọ. Kò pẹ́ tó fi ní apá ń dun òun.

"Apá tó o fi gún gbogbo Ìjẹ̀bú lábẹ́rẹ́?" Ìyá ní. "Gbé e sókè."

Fọ́tò mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò dáa. Nínú àwọn kan, ògiri ló hàn kedere tí ojú Ìyá sì di ìkùukùu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe rí nígbà tí mo ń tò àwọn ọmọ sí orí ìlà. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ wo ibí. Mà, mo ní ẹ má mira!"

"Ṣé o fẹ́ nà mí ni?" Ìyá ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì lórí àga náà. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì. N kò mọ̀ pé mo ti tẹ̀ ẹ́.

Mo so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e lẹ́sẹ̀. Mo ń ṣí fọ́tò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó dáa jù lójú mi ni èyí tó ti jókòó ṣinṣin, tó wo iwájú bí ìyá ìjọ. Ìyá ní ẹni yẹn ń retí owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí a dé ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè kí n dúró. Ojú rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, eyín kan ṣoṣo ló dúró lókè.

"Èyí."

"Mọ́mì!" nọ́ọ̀sì ní. "Pẹ̀lú eyín yẹn? Níwájú gbogbo ìjọ?"

"Eyín tèmi ni."

"Sà, ẹ bá wa sọ fún wọn."

Ó wá kù sí mi lọ́wọ́. Fọ́tò náà kò dọ́gba, apá àga kan ti gé kúrò, mo sì ní àlàyé tó pọ̀ tí mo lè ṣe. Mo rántí pálọ̀ wa, àti àwọn fóònù tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àti bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

"Àwọn ló ni í, mà," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Mo yíjú sí Ìyá. "Ṣé èyí lẹ fẹ́?"

"Òun ni."

"Ṣé èyí lẹ fẹ́, mà?"

"Mo ti sọ."

"Ṣé èyí lẹ fẹ́?"

"Ó ti tó, onífọ́tò."

Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo tì í sí àyè pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn, mo gbé kámẹ́rà sínú ihò ankara rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjèèjì, mo fa síìpù báàgì, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Okùn náà gbé e.